Ọkọ̀ Dúdú Tó Ń Kú Lórí Eré

Nígbà tí Ìyá Wáyà kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà, ó pọn ìyá arúgbó kan sẹ́yìn, ó fi eyín há bàtà ìyá náà mẹ́jèèjì, ó sì ń gun irin ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni tó fẹ́ fo ògiri ilé onílé. Ọkùnrin náà kò wọ ẹ̀wù. Oòrùn ọ̀sán ń dán lórí èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, láàárín títì gan-an, ọkọ̀ ńlá dúdú kan dúró bí erin tó ti kọ̀ tí kò lọ mọ́, àwọn ọkọ̀ yòókù sì ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n ń ṣépè. Kò sí iná kankan tó tàn lára ọkọ̀ náà. Ẹ̀wù funfun ọkùnrin yìí ló so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kí àwọn tó ń sáré bọ̀ lè tètè rí i.

Ìyá Wáyà kò tíì bímọ, kò tilẹ̀ tíì lọ́kọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí àléébù iná ọkọ̀ tí kò lè wá rí níbi iṣẹ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àwọn olówó, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá gbogbo wọn níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ tó bá kú ló gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì lọ bá àwọn méjèèjì lórí koríko.

"Ẹ kú ewu," ló wí.

Ọkùnrin náà yọ bàtà lẹ́nu. "Ẹ ṣeun. Ẹ má bínú sí ìhòòhò mi. Ẹ̀wù mi wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Ìyá Wáyà, ó pa á mọ́ra. "Kí ló ṣe ọkọ̀?"

"Ó kú."

"Ó kú báwo?"

"Bí èèyàn ṣe ń kú náà ni. A jọ ń lọ, rédíò ń kọrin, òun náà ń hó wọ̀ọ̀, ó sì dákẹ́. Sítíárìn le bí òkúta. Bíréèkì le. Ọlọ́run ló ní kí àlàfo wà lẹ́yìn wa."

Ìyá arúgbó náà, tó ti ń wọ bàtà rẹ̀, gbójú sókè. "Ṣé ẹ máa gbé mi kúrò nínú oòrùn ni, àbí kí n jókòó síbí títí ẹ máa fi wo ojú ara yín tán?"

Ojú ti àwọn méjèèjì. Ìyá Wáyà yára lọ sídìí ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ sì jí kíá bí ọmọ tó sùn àsùnpajúdé. Kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Inú ọkùnrin náà bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì," ló wí. "Tí èmi nìkan bá wà níbẹ̀, á kú. Tí ẹlòmíràn bá dé, á jí, á sọ mí di òpùrọ́."

Ìyá Wáyà ti na ọrùn wọnú ọkọ̀. Aago ọkọ̀ ló ń wò. Òdo mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so bátìrì mọ́ ọkọ̀ tuntun.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe awakọ̀ náà. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé tó ti ń wa Màmá, ìyá arúgbó yẹn, kiri, kò sì fi ọkọ̀ họ ara ògiri rí. Ọmọ Màmá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alága, ló ra ọkọ̀ dúdú náà fún ìyá rẹ̀ kí ara lè tù ú.

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́, bàbá Ìyá Wáyà fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí i. Ẹ̀rọ ní kò sí àléébù. Bàbá buwọ́ lùwé: ọkọ̀ pé, ó dà bíi pé awakọ̀ ló fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ.

"Bàbá, ẹ wo aago o," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ó ti padà sí òdo. Gbogbo iná ọkọ̀ yẹn ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ṣé aago ni wọ́n ní kí n tún ṣe? Ẹ̀rọ ò purọ́."

"Ohun tí ẹ̀rọ bá rí ló ń sọ. Tí iná bá lọ, òun náà ti sùn. Kí ló fẹ́ rí?"

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì fẹ́ràn kí ọmọ tí òun fọwọ́ ara òun kọ́ níṣẹ́ máa já òun ní koro níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. "Lọ wá nǹkan ṣe," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, Alága ka ìwé náà, ó sì ní kí Jẹ́jẹ́ máa lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara Ìyá Wáyà ò ti balẹ̀ mọ́. Tó bá ń jẹun, á ṣíwọ́, á máa gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń kọjá níta. Tó bá gbọ́ fèrè gígùn kan, àyà rẹ̀ á já. Ó mọ̀ pé ìyá arúgbó yẹn ṣì ń gun ọkọ̀ náà. Ó tún mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni, pé òun ò lè gbàgbé ọkùnrin tó ní ẹ̀wù òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó rí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ ọkọ̀, ó pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ojú yín rí fún mi."

"Àwọn tó yẹ kó bi mí ò bi mí," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Níbo ni kí n ti bá yín?"

Níwájú ilé búrẹ́dì kan ni wọ́n jókòó sí, lórí àga gbọọrọ. Jẹ́jẹ́ ò lè jókòó sójú kan. Ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń fi búrẹ́dì ṣe ọkọ̀, ó ń fi ìbòrí ìgò ṣe afárá. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oòrùn mú gan-an, ọkọ̀ sì ti rìn ju wákàtí kan lọ. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n lórí oríkèé afárá, níbi tí wọ́n ti so afárá pọ̀, ni. Ìyá Wáyà ń yára kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ooru, gbígbọ̀n, iná lọ. Ibì kan wà tí wáyà kan ò ti di ara ọkọ̀ mú.

"Ẹ̀yin náà, nígbà tí ẹ bá ń wa ọkọ̀ yẹn lọ, kí lẹ máa ń kíyè sí?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

Ìyá Wáyà wo ilẹ̀. "Mi ò mọ ọkọ̀ wà."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ń tún un ṣe ni. Mi ò wà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín," ni Jẹ́jẹ́ wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà tí kò ṣàìsàn rí! Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín. Mi ò kúkú níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́."

Ọkọ̀ àǹtí Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́. Ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, Ìyá Wáyà fi ọkọ̀ fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó yí i po láìjẹ́ kó kú. Lọ́jọ́ kẹfà, Jẹ́jẹ́ na ọwọ́, ó sì pa ẹ́ńjìnnì lójijì nígbà tí obìnrin náà wà lórí eré.

"O fẹ́ pa wá ni?" ló kígbe. Bí "ẹ" ṣe di "o" láàárín wọn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó padà sí èyí àkọ́kọ́ mọ́.

"Sítíárìn ti le, àbí? Má bá a jà. Di í mú, fi gbogbo èjìká yí i. Bíréèkì ń kọ́? Má tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó lọ tààrà, má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kó o máa wò, má wo ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́. Tó bá ti dúró, bọ́ sílẹ̀, kúrò lójú títì. Ọkọ̀ ṣeé rà. Má padà sí ìdí rẹ̀ láéláé."

Ọkọ̀ dúró. Ọwọ́ Ìyá Wáyà ṣì di sítíárìn mú pinpin. Jẹ́jẹ́ rọra tú ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì dé orí ìka tó kẹ́yìn, kò fi í sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí?" ni obìnrin náà bi í pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá mi ń wà. Ó sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi." Ó fọwọ́ tẹ ìka náà. "Olólùfẹ́, tí mo bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé wàá fi sípánà lé mi?"

"Sípánà mi wà níbi iṣẹ́," ni Ìyá Wáyà dáhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé etí ọ̀gá. Ẹnì kan rí wọn, ó lọ sọ fún Bàbá. Bàbá kò pariwo. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú, kò jẹ ẹ́.

"Dírẹ́bà," ló wí. "Lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo rán ọ lọ kà. Dírẹ́bà tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́."

"Ìwé tí ẹ buwọ́ lù ni wọ́n fi lé e, Bàbá."

"Torí rẹ̀ lo ṣe ń bá mi jà lórí ọkọ̀ yẹn!"

"Mo ti ń bá yín jà lórí rẹ̀ kí n tó mọ orúkọ rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọkọ̀ dúdú fi tún kú, lọ́wọ́ awakọ̀ tuntun. Alága fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó dá ọkọ̀ padà, ó ní kí wọ́n má gbé e wá mọ́ àyàfi tí ọ̀gá mẹkáníìkì bá lè fi orí ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ìyá Wáyà ní kí àwọn tú abẹ́ àga. Bàbá kọ̀: ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò gbà kí wọ́n tú ibẹ̀ láìsí àléébù tí ẹ̀rọ rí.

"Ọjọ́ márùn-ún," ni Bàbá wí. "Èmi àti ìwọ la ó jọ gbé e jáde. Tí kò bá kú, o máa gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀, o sì máa gbàgbé ọkùnrin yẹn."

"Tó bá kú ń kọ́?"

"Kò ní kú."

Ìyá Wáyà gbà. Ó ti gbà tán kí ẹ̀rù tó wá bà á. Ó lọ bá Jẹ́jẹ́, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀. "Mo fi ọ́ ta tẹ́tẹ́," ló wí.

Jẹ́jẹ́ tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀. Kò bínú. "Ọjọ́ wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?" ló bi í. "Màá wà lẹ́yìn yín. Ọkọ̀ tó bá máa kú lójú títì, ó yẹ kó lẹ́ni tó ń sọ́ ẹ̀yìn rẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi lọ tí wọ́n fi bọ̀. Ọkọ̀ náà ń ṣàn lórí títì bí epo. Bàbá ti ń fi ìka lu sítíárìn bí ẹni tó ti jàre. Ìyá Wáyà, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń wo dígí, ó ń rí ọkọ̀ àtijọ́ yẹn tó ń gbọ̀n rìrì bọ̀ lókèèrè. Òru ò jẹ́ kó sùn, ọ̀sán ò jẹ́ kó jókòó. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọkọ̀ náà kú. Ó tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má kú.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bí oòrùn ṣe ń mú ganrínganrín, Bàbá dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Bọ́ síbí," ló wí. "Ṣebí ọkùnrin yẹn ti kọ́ ọ. Jẹ́ kí n rí ohun tó kọ́ ọ."

Ìyá Wáyà gba sítíárìn. Wákàtí kan kọjá. Wọ́n gun afárá gígùn kan. Táyà fò lórí oríkèé kìíní, gbì. Oríkèé kejì, gbì. Lórí ẹ̀kẹta, ìró ẹ́ńjìnnì pòórá.

Gbogbo iná ọkọ̀ kú níwájú rẹ̀. Bàbá pariwo, "Tẹ bọ́tìnì! Tẹ bọ́tìnì!" Ìyá Wáyà ò tẹ bọ́tìnì. Ó di sítíárìn mú, ó fi gbogbo èjìká yí i. Irin ẹ̀gbẹ́ afárá ló tẹjú mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, tààrà, kò gbé e. Ọkọ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń wúwo, ó wá dúró ní ìwọ̀n apá kan sí irin náà. Ṣùgbọ́n ìdajì ara rẹ̀ ṣì wà lójú títì.

"Bàbá, ẹ gba ẹnu ọ̀nà tiyín jáde. Ẹ yára!"

Bí wọ́n ṣe fo irin bọ́ sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró náà. Ọkọ̀ àtijọ́ ti dúró gbọn-in sẹ́yìn ọkọ̀ dúdú, iná ìkìlọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Tírélà kan ń bọ̀, bíréèkì rẹ̀ ń han. Ó yí imú, kò yí i tán. Ó gbá ọkọ̀ àtijọ́ náà ní ìdí, ọkọ̀ náà sì yí po bí òkòtó, ó lọ fi orí sọ irin.

"Ta ló wà nínú ìyẹn?" ni Bàbá bi í.

Ìyá Wáyà ò dúró dáhùn. Ó ti ń sáré.

Jẹ́jẹ́ kò sí nínú ọkọ̀ náà. Ó ti bọ́ jáde kí tírélà tó dé, ṣùgbọ́n irin kan ti fò bà á ní iwájú orí. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí ojú rẹ̀ kan. Nígbà tó rí obìnrin náà, ojú rẹ̀ korò.

"Kí ni mo sọ fún ọ? Mo ní o ò gbọ́dọ̀ padà sójú títì!"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ni Ìyá Wáyà wí. Ó wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ìbòrí rẹ̀ tẹ ojú egbò náà, omijé sì gba ojú rẹ̀. "Dákẹ́, jàre. Dákẹ́, ọkọ mi."

Bàbá dé síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ó wo ọkọ̀ àtijọ́ tó ti rún. Ó wo àlàfo kékeré tó wà láàárín rẹ̀ àti ọkọ̀ dúdú níwájú, èyí tí kò ní àmì kankan lára. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó lo ti ń tẹ̀lé wa?" ló bi Jẹ́jẹ́.

"Márùn-ún, sà."

Bàbá bá wọn dé ilé ìwòsàn, ó dúró títí àwọn dókítà fi rán orí ọkùnrin náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ọkọ̀ dúdú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó sì tú abẹ́ àga fúnra rẹ̀. Wáyà dúdú kan tó nípọn wà níbẹ̀, èyí tó so gbogbo iná mọ́ ara ọkọ̀. Bóòtù tí wọ́n fi dè é le dáadáa, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án á ní ó pé. Nígbà tó tú u, ó rí i pé wọn ò ha ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó dè é. Orí ọ̀dà ni wáyà náà jókòó sí, kì í ṣe orí irin. Tí ooru bá mú un, tí ọkọ̀ sì gbọ̀n, á ya kúrò níwọ̀n fọ́nrán irun orí. Ìyẹn tó láti pa ọkọ̀.

Ó pe ọmọ rẹ̀, ó na tọ́ọ̀ṣì sí i. "Wò ó," ló wí. "Mo fẹ́ẹ̀ pa ìyá oníyàá. Mo fẹ́ẹ̀ pa ìwọ náà."

Àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ní kó rọra, kí ọ̀rọ̀ má jáde ná. Bàbá ní òun ti rọra tó. Ó lọ sọ́dọ̀ Alága, ó dúró, kò jókòó, ó ní òun ni òun buwọ́ lu irọ́. Lẹ́yìn náà òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó ti tẹlifóònù, wọ́n sì pe gbogbo ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Nínú mẹ́jọ, ọ̀dà wà lábẹ́ bóòtù. Obìnrin kan lára wọn sọ pé òun ti rò pé orí òun ló ń dàrú, pé ọkọ òun sọ pé òun ò mọ ọkọ̀ wà. Ó bú sẹ́kún lórí fóònù.

Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi nílé, kí oṣù mẹ́rin rẹ̀ tó pé. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dìde dúró fún un bó ṣe ń jáde, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde.

Màmá fúnra rẹ̀ ló wá gbé Jẹ́jẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà àǹtí Jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá. "Ọmọ mi ní kí n bẹ̀ ọ́," ló wí. "Èmi ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Dìde, ká lọ. Ẹni tí wọ́n fún mi yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dùn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Jẹ́jẹ́ àti àǹtí rẹ̀ wá sí ilé Bàbá. Àǹtí ti to ọ̀rọ̀ ìtọrọ ìyàwó sẹ́nu rẹpẹtẹ. Bàbá na ọwọ́, ó dá a dúró.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo fi ọmọ mi sínú ọkọ̀ tó ń kú. Ọkùnrin yìí fi ara rẹ̀ dí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ bi í?" Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Dírẹ́bà ni mo pè ọ́, mo sì fi ẹnu ẹ̀gàn pè é. Mo kó ọ̀rọ̀ náà jẹ."

"Dírẹ́bà náà ni mí, sà," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn, ó dọ̀bálẹ̀. "Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ràn tó o."

Ìyá Wáyà ti jáde síta. Jẹ́jẹ́ bá a lábẹ́ igi, níbi tó ti ń ká ewé, tó ń ya á sí wẹ́wẹ́.

"Inú rẹ ò dùn?" ló bi í.

"Inú mi dùn. Ara mi ni kò balẹ̀." Ó ju ewé nù. "Má rò pé yóò tán o. Mo máa ń dìde nídìí oúnjẹ. Mo máa ń gbọ́ ohun tí kò sí. Tó o bá pẹ́ dé, mo máa ti rí òkú rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó o tó kan ilẹ̀kùn. Ṣé o lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé?"

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kan iwájú orí. Àpá orí rẹ̀ ṣì pupa.

"Èmi náà, tí mo bá jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ mi á máa wá bíréèkì kiri," ló wí. "Mi ò lè ṣèlérí pé n kò ní pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n màá máa pè ọ́ tí mo bá ti rí i pé mo máa pẹ́. Lójoojúmọ́. Títí a ó fi darúgbó, tí etí rẹ á di, tí wàá máa ní kí n pariwo."

Ìyá Wáyà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí i, pẹ̀lú epo dúdú díẹ̀ tó ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Wá, ká lọ sọ fún wọn."